Ẹ̀yìn Ríro àti Pajápajá: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Láti Ọjọ́ Kìíní Títí Dé Ọ̀sẹ̀ Kẹfà

Ẹni tí ẹ̀yìn bá fà lójijì sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Á lọ dùbúlẹ̀ títí ìrora á fi lọ, tàbí kó gbé oògùn mì kó sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọ̀nà méjèèjì ló ń sọ ìrora ọ̀sẹ̀ méjì di ti oṣù mẹ́fà. Ẹni tó dùbúlẹ̀, iṣan rẹ̀ á gan, agbára á sì tán nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fipá ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn á tún fà á kí èyí tó wà nílẹ̀ tó jinná. Ohun tó ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni bí wọ́n ṣe máa lo ẹ̀yìn náà níwọ̀n tó lè gbà, kí wọ́n sì máa fi kún ìwọ̀n náà lọ́jọ́ tó yẹ. Ìwọ̀n yẹn ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Mo fi pajápajá kún un, ìyẹn kí iṣan ẹsẹ̀ ṣàdédé dì kó le bí òkúta lóru, torí pé àṣìṣe kan náà là ń ṣe sí i: à ń wá oògùn níbi tó jẹ́ pé nínà iṣan ló máa ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ nílò

Ìrọ̀rí méjì, aṣọ ìnura kan, rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí, àga kan tí kì í mì, ògiri, aago, àti ilẹ̀ títẹ́ tí ẹ lè tẹ́ nǹkan sí kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé pélébé kan àti bírò. Ẹ má fojú kéré ìwé yìí. Lálaalẹ́, ẹ máa kọ nǹkan mẹ́ta sínú rẹ̀: iye tí ìrora jẹ́ láti 0 (kò sí rárá) dé 10 (kò ṣeé fara dà), iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi rìn, àti ohun kan tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà tí ẹ̀yìn ò jẹ́ kí ẹ ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìwé yẹn á sọ òótọ́ fún yín ju ìrántí lọ, torí ẹni tí ara ń ro kì í rántí pé ó ti sàn ju ti àná lọ.

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn kò sí lára ohun tí ẹ nílò. Nínú ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 lórí ìrora ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó ti pẹ́ lára, bẹ́líìtì àti fífi ẹ̀rọ fa ẹ̀yìn wà lára ohun tí wọ́n ní kí a má ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bẹ́ẹ̀dì líle bíi pákó náà kò sí níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé àwọn tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó le níwọ̀nba rí ìtura ju àwọn tó sùn lórí èyí tó le gan-an lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé ìwòsàn ló kàn

Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni kò ní àrùn pàtó kan tí dókítà lè tọ́ka sí pé òun ló fà á. Ẹnì kẹwàá ni ìgbésẹ̀ yìí wà fún, ẹ má sì fò ó.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- Ojú ara, àárín ìdí tàbí inú itan ti kú, tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára dáadáa bí ẹ bá fọwọ́ kàn án.
- Ìtọ̀ ò jáde mọ́, tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.
- Ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì ń rọ sí i, tí iwájú ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bí ẹ bá ń rìn.
- Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìṣubú láti ibi gíga.
- Ó bẹ́ sílẹ̀ lójijì nínú àyà tàbí ikùn bíi pé nǹkan fà ya, ó sì ta wọ ẹ̀yìn, pẹ̀lú òógùn tútù tàbí òòyì.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé nǹkan lè ti fún àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára àti agbára láti ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀. Wákàtí la fi ń ka àkókò níbẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá pẹ́ jù, ohun tó ti kú lè má jí mọ́.

Ẹ wá dókítà láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí ibà bá wà pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, bí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí, bí ẹ bá ti ń lo oògùn steroid (irú bíi prednisolone) fún ìgbà pípẹ́, bí ìrora bá ń le sí i lóru tí kò sì dẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ dùbúlẹ̀, tàbí bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀yìn máa ro yín nìyí tí ẹ sì ti lé ní 50 ọdún tàbí tí ẹ kò tíì pé 20. Bí ibi tó ń ro bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ ihà, tí ìtọ̀ sì ń ta yín, kíndìnrín ni kí ẹ fura sí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ojú máa ń ti èèyàn láti sọ pé ojú ara òun ti kú. Ẹ sọ ọ́. Gbólóhùn yẹn ló máa mú kí dókítà dìde kánmọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ti pa á mọ́ra títí ó fi pẹ́ jù. Ìkejì, àwọn èèyàn máa ń yẹ ara wọn wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ máa ṣe é láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi gìgísẹ̀ nìkan rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn ní mẹ́wàá, kí ẹ di àga tàbí ògiri mú. Ẹ fọwọ́ kan inú itan méjèèjì kí ẹ mọ̀ bóyá bákan náà lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀, tí ìtọ̀ sì ń jáde bó ṣe yẹ, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Wákàtí 48 àkọ́kọ́

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì yìí ni kí ẹ rí ipò kan tí ẹ̀yìn á ti dẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé ojúgun méjèèjì lé orí àga, tí orúnkún á fi ká bí igun àpótí. Ẹ wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí èyí kò bá bá yín lára mu, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí láàárín orúnkún. Ẹ lè ṣe é ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin lóòjọ́. Ìsinmi díẹ̀díẹ̀ ni ìwọ̀nyí, wọn ò rọ́pò dídìde. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì, kò yẹ kí ẹ ti máa lo odindi ọ̀sán lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ooru dáa fún ẹ̀yìn tó gan. Ẹ fi aṣọ ìnura wé rọ́bà omi gbígbóná náà, kí ẹ gbé e sí ibi tó ń ro fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má sùn lé e lórí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ara rẹ̀ kì í tètè mọ ooru, kí ẹlòmíràn bá a fọwọ́ dán an wò, torí ó lè jó o láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni dídìde. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń tún ẹ̀yìn fà. Wọ́n á dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n á sì fẹ́ fa ara wọn dìde jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ká orúnkún méjèèjì, kí ẹ yí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ kan bí igi tí wọ́n ń yí, èjìká àti ìbàdí papọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní etí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ tó ń wálẹ̀ á máa bá yín gbé àyà sókè. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dìde dúró.

Ohun kan tún wà nípa òwúrọ̀. Àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, tí àwọn dókítà ń pè ní disc, máa ń fa omi mọ́ra lóru, wọn á kún, títẹ̀ síwájú á sì le fún wọn ju ti ọ̀sán lọ. Nítorí náà, fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ jí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé nǹkan. Ẹ jókòó wọ bàtà. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá pọn dandan kí ẹ dé ilẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ní ipò náà, ṣé ìrora fi iye kan, ó kéré tán, wálẹ̀? Ṣé ẹ lè yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì láìsé èémí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ipò tiyín nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dán èkejì wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Oògùn, bó bá pọn dandan

Oògùn kò wò ẹ̀yìn sàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dín ìrora kù tó tí ẹ fi lè rìn.

Ibuprofen 200 sí 400 mg, lẹ́yìn oúnjẹ, ni àgbàlagbà sábà máa ń lò, kí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán wà láàárín ìlò kan àti èkejì, kó má sì kọjá 1,200 mg lóòjọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lò ó. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí àrùn ọkàn, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti aboyún, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá a dúró kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Paracetamol rọ inú lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún ẹ̀yìn, agbára rẹ̀ kò tó bí a ṣe rò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Australia, tó jáde ní 2014, àwọn tó lò ó kò tètè sàn ju àwọn tó lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kó má kọjá 4,000 mg, ìyẹn hóró mẹ́jọ ti 500 mg, láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á lo ibuprofen, wọ́n á tún lo diclofenac lé e. Orúkọ méjì ni, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ìtura ò ní pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ inú ló lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ara páálí oògùn kọ̀ọ̀kan. Oògùn tí ẹ ò bá lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e mì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: wákàtí kan lẹ́yìn oògùn, ṣé ẹ lè rìn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀? Ìrìn ni kí ẹ fi àǹfààní yẹn ṣe. Ẹ má fi gbé ẹrù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ rìn, kí ẹ sì kà á

Tó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo èyí, kó jẹ́ èyí.

Ẹ gbé aago, kí ẹ rìn lórí ilẹ̀ títẹ́ títí ìrora á fi fi iye méjì lé ti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú. Ẹ pín in sí méjì. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 8, mẹ́rin ni tiyín. Ẹ máa rin ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ní ìgbà mẹ́ta lóòjọ́, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá pé, bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ń sọ pé òun ṣì lè lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí méjì kún un. Ibi tí ẹ ń lọ ni 30 ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò sí ìkánjú. Ó lè gba oṣù mélòó kan.

Ní Australia kan náà, wọ́n mú àwọn 701 tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn. Wọ́n fi ètò ìrìn bí irú èyí àti ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yìn fún àwọn kan, wọn ò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Èsì náà jáde ní 2024. Láàárín àwọn tó ń rìn, ìdajì ni ìrora kò padà sí lára títí di ọjọ́ 208. Láàárín àwọn yòókù, ọjọ́ 112 ni. Mi ò mọ oògùn kan tí wọ́n ń tà tó lè ṣe irú èyí.

Ẹ̀rù ni ìdènà tó tóbi jù nínú ìrìn. Ẹ̀yìn á ro díẹ̀, ẹ á sì rò pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi òfin méjì yìí wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́: ìrora tí kò ju 4 lọ nígbà tí ẹ ń rìn, tó sì ti padà sí bó ṣe wà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò léwu. Èyí tó bá sùn mọ́jú kó tó lọ, ẹ ti rìn jù. Ẹ dín in kù. Ìkejì, kí ẹ máa wo ibi tí ìrora ń rìn sí. Àwọn kan máa ń ní ìrora tó ń ta láti ìdí lọ sí ẹ̀yìn itan, tó kọjá orúnkún dé ẹsẹ̀. Bí ìrìn tàbí ìdárayá bá mú kí ó kúrò lẹ́sẹ̀, kó gòkè sí itan, kó tún gòkè sí ẹ̀yìn, ara ń yá nìyẹn, bí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń ro díẹ̀ sí i. Bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, tó kúrò ní ìdí tó ń dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ dá ohun tí ẹ ń ṣe yẹn dúró. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ìrora ní ẹ̀yìn wọn, tí wọ́n sì ń jáwọ́ lọ́jọ́ tí ara wọn ń bọ̀ sípò gan-an.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí ìwé yín ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú ìrìn gbọ́dọ̀ ti pọ̀ sí i, kódà bí iye ìrora kò bá tíì yí padà. Ìrìn ló máa ń kọ́kọ́ yí padà, ìrora á tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìdárayá mẹ́rin

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ọjọ́ kẹta, tàbí ìgbà tí ẹ bá ti lè sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí ẹ sì dìde láìní ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí ohun tí mo sọ nípa omi àárín eegun.

1. Fífún ìbàdí mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún. Ẹ rọra tẹ ihò tó wà lábẹ́ ìbàdí mọ́ ilẹ̀, ẹ ka márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá.

2. Ológbò. Ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn ga díẹ̀, kí ẹ sì rọra jẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀. Mímì lásán ni, ẹ má tì í dé ìpẹ̀kun. Ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ.

3. Gbígbé ìdí sókè. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀, kí ìdí gòkè títí èjìká, ìbàdí àti orúnkún á fi tò gbọọrọ. Ẹ ka márùn-ún. Ìdí ló yẹ kó ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn itan ló fẹ́ fà, ẹ fa ẹsẹ̀ súnmọ́ ìdí sí i. Ìgbà mẹ́jọ.

4. Apá kan, ẹsẹ̀ òdìkejì. Èyí ni wọ́n ń ṣe láìdáa jù. Ẹ wà lórí ọwọ́ àti orúnkún, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn àti apá òsì síwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ju ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ tapá, ìbàdí á yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn á sì sọ̀. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró bíi tábìlì. Ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ ká lé orí ìbàdí: bó bá já bọ́, ẹ ti gbé ẹsẹ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fi apá kún un. Ẹ ka mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀. Ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mí dáadáa ní gbogbo àsìkò náà. Ẹni tó ń sé èémí ti kọjá agbára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí ara bá yá

Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ jí, ẹ̀yìn ò ro mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ń dúró láti ọjọ́ kìíní lẹ dà bò: ẹ fọṣọ, ẹ gbálẹ̀, ẹ ru àpótí, ẹ wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò lè dìde. Ẹ ń wí fún ara yín pé àìsàn náà ti padà dé. Iṣan tó ti sinmi fún ọjọ́ mẹ́jọ lẹ ní kó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ lóòjọ́ kan. Ẹ tún dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, iṣan tún rọ, ọjọ́ tó dáa míì dé, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jìyà èyí, oṣù mẹ́rin ló sì gbà mí nígbà kejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi í sílẹ̀ láìsọ.

Lọ́jọ́ tó dáa, ẹ má fi ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ kún ohun tí ẹ ṣe lánàá. Ẹni tó rin 10 ìṣẹ́jú, kó rin 12. Lọ́jọ́ tí kò dáa, ẹ má jẹ́ kó di òfo. Ẹ ṣe ìdajì. Iṣẹ́ ilé tó bá gùn, ẹ gé e sí ìṣẹ́jú 15, 15, kí ẹ rìn díẹ̀ láàárín wọn. Ìjókòó náà, ẹ dìde ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. Mi ò rò pé ìjókòó kan wà tó dáa tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

Bí gbígbé nǹkan bá dé, ẹ súnmọ́ ọn kó tó kúrò nílẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ ká ìbàdí àti orúnkún, kí ẹrù náà lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ fi ẹsẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá gbé ẹrù tó sì yí ọrùn ìbàdí láìgbé ẹsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀yìn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú ìwé yín, ìṣẹ́jú ìrìn ọjọ́ tó dáa àti tọjọ́ tí kò dáa gbọ́dọ̀ máa súnmọ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí 40, lẹ́yìn náà 0, 35, 0, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 7: Pajápajá

Bó bá mú yín báyìí: ẹ̀yìn ojúgun ló sábà máa ń mú, lóru. Ohun tí ara fẹ́ ṣe ni kó na ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú, èyí á sì jẹ́ kí iṣan náà kúrú sí i. Ẹ na orúnkún gbọọrọ, kí ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ojúgun. Bí ọwọ́ ò bá tó o, ẹ gbé aṣọ ìnura kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kí ẹ fi fà á. Tàbí kí ẹ dìde, kí ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fara ti ògiri. Ẹ má já a. Ẹ fà á mú títí ó fi tú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọwọ́ ra á, kí ẹ fi ooru sí i, kí ẹ sì rìn díẹ̀. Bó bá jẹ́ iwájú itan ló mú, ẹ di àga mú kí ẹ fa gìgísẹ̀ wá sí ìdí. Ibẹ̀ lè máa ro yín títí di ọjọ́ kejì, kò sí aburú níbẹ̀.

Kó má baà padà wá: kí ẹ tó sùn, ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun á fi fà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ìgbà mẹ́ta, ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé àga kékeré, kí orúnkún gbọọrọ, ẹ tẹ̀ síwájú láti ìbàdí kí ẹ̀yìn itan náà nà. Ní Netherlands, àwọn tó lé ní 55 ọdún tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i pé pajápajá wọn dín kù, kò sì le tó tẹ́lẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, kì í ṣe òru méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́.

Ẹ tú aṣọ ìbora tó fún ẹsẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má máa tẹ ọmọ ìka wálẹ̀. Bí ẹ bá láàgùn púpọ̀ lọ́sàn-án, omi nìkan kò tó, iyọ̀ náà ti bá òógùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, dókítà ló máa sọ ìwọ̀n iyọ̀ àti omi tirẹ̀. Ẹ wo àwọn oògùn yín: èyí tó ń mú kí èèyàn tọ̀ púpọ̀, statin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn kan tí àwọn tó ní ikọ́ fée ń fà símú lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ béèrè, ẹ má dá wọn dúró fúnra yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: quinine, ìyẹn oògùn ibà. Àwọn kan ṣì ń lò ó fún pajápajá. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ gidigidi pé kí a má lò ó fún èyí, torí ó lè da ẹ̀jẹ̀ rú, kó sì da ìlù ọkàn rú, ó ti pa àwọn kan. Magnesium kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún àwọn àgbàlagbà, ìwádìí fi hàn pé ìwúlò rẹ̀ fún pajápajá kò tó nǹkan.

Ohun tó jọ pajápajá tí kì í ṣe òun: ẹsẹ̀ kan wú, ó gbóná, ó pupa tàbí ó dúdú, ó sì ń ro nígbà gbogbo. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á rárá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá tún ń ṣòro, lójú ẹsẹ̀ ni. Èyí tó máa ń mú nígbà tí ẹ bá ń rìn, tó sì máa ń fi yín sílẹ̀ tí ẹ bá dúró, lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ tó. Bí gbogbo iṣan bá ń ro gan-an tí ìtọ̀ sì dúdú, kíndìnrín wà nínú ewu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ iye òru tí ó mú yín lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kẹfà wé ọ̀sẹ̀ kìíní.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí kò sàn

Ẹ̀yìn tó ń ro sábà máa ń sàn púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí tiyín kò bá sàn, ẹ wá dókítà tàbí físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara), kí ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán dẹ́rù bà yín. Nínú àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2015, àwọn tí ẹ̀yìn kò ro rárá ni wọ́n wo àwòrán ẹ̀yìn wọn. Lára àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú 100 ni disc wọn ti ń gbó. Lára àwọn ẹni 80 ọdún, ìdá 96 ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú èsì MRI yín (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) pé disc ti gbó tàbí pé ó yọ díẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè kan: ṣé ohun tí ẹ rí yìí bá ibi tó ń ro mí àti ẹsẹ̀ tó ń ta mí mu?

Ẹ mú ìwé yín dání lọ. Ẹ fi iye ìrora, ìṣẹ́jú ìrìn àti ohun tí ẹ ò lè ṣe hàn wọ́n láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sọ ipò tó máa ń dẹ̀ ẹ́, ipò tó máa ń mú un le, àti bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀.